Ẹmu Kì Í Dúró De Ọjà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní láàárọ̀ kò ní pẹ́ rí i pé ọtí wà lára ohun tó ń rìn jù lójú ọ̀nà náà. Tírélà tó di kéréètì bíà gègèrè á wà níwájú, òmíràn á máa bọ̀ lẹ́yìn, ìgò á sì máa ró wọnranwọnran bí táyà bá ti kó sí kòtò. Ní Ṣàgámù ni ilé iṣẹ́ ọtí ńlá tí International Breweries ṣí ní 2018 wà. Mílíọ̀nù dọ́là 250 ni wọ́n ní àwọn ná sí i. Ọkọ̀ ò tíì sáré jìnnà tí yóò fi dé ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà "33" ní àwọn ọdún 1980, kí Nigerian Breweries tó gba ilé iṣẹ́ náà mọ́ra ní 2014. N kò yà sí ọ̀kankan nínú wọn. Ọtí tí mo ń wá lọ sí Ofosu kò ní lébẹ̀lì, wọn kò sì tẹ ọjọ́ kankan sí i lọ́rùn pé kí a má mu ún mọ́ tó bá ti kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọjọ́ rẹ̀ ti pé nìyẹn.

Ofosu wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àmọ́ ẹni tó bá ń retí òkè àpáta tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ìdànrè níbẹ̀, á retí tì. Igbó àti àbàtà ni tibí. Òrè lèèyàn máa kọ́kọ́ kàn, ìyẹn Òrè tí ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn ti ń dúró jẹun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ títì, ẹni tó bá sì kọjá Ofosu láì yà, kò ní pẹ́ bára rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ogun abẹ́lé dé agbègbè yìí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Àwọn ọmọ ogun Biafra tó gba Bìní wá dé Òrè kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà, ibẹ̀ ni "Ó le kú, ìjà Òrè" ti wá, tí àwọn àgbà ṣì ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá ti le tán. Lóde òní, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó èèyàn wá. Apá kan ilẹ̀ náà jẹ́ igbó ọba, àmọ́ àdá àti kòkó ti wọ inú igbó ọba náà tipẹ́. Bí ẹ bá dúró sáàárín ọjà, ẹ ó gbọ́ èdè Ìdànrè àti ti Oǹdó, ẹ ó gbọ́ Ìgbò, Ẹbìrà, Ùròbò, Ìjọ́ àti Tiv, pijin á sì máa bá wọn túmọ̀ ara wọn fún ara wọn. Ìlú tó bá kó èèyàn jọ báyìí, ọtí oríṣiríṣi ló máa ń tẹ̀ lé wọn wá. Ohun tó mú mi yan ibẹ̀ nìyẹn.

Síẹ́nà ni mo wọ̀ láti Ọjọ́ta. Ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ọjà kí ni mò ń lọ ná. Mo ní ẹmu ni mò ń lọ mu. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́mu l'Ékòó ni?"

"Ó wà. Ṣé ẹ ti mu ún rí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lẹ́yìn náà sì rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ẹmu Èkó, sakarín-ìn ni wọ́n sì fi ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe. N kò bá ẹni tó ń tà á jà. Ẹmu tí wọ́n gbé kúrò lóko láàárọ̀ yóò ti kan kó tó wọ Ọjọ́ta nírọ̀lẹ́, oníbàárà sì ní dídùn lòun fẹ́. Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe.

Lọ́ńdọ̀nù ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Wọ́n ní irú ọtí kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ale. Ó pupa rúsúrúsú, ìfófòó rẹ̀ kì í ga, ó sì máa ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n nítorí òdòdó hópù tí wọ́n fi sè é. Èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n mu fẹ́ràn jù ni ti inú àgbá. Íìsì tó sọ ọ́ di ọtí ṣì wà láàyè nínú rẹ̀ nígbà tó bá dé ilé ọtí. Wọ́n á gbé àgbá náà sí àjà ilẹ̀, níbi tí ooru ò ti ju 11 sí 13 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rò sísàlẹ̀, wọ́n á wá máa fi ẹ̀rọ tí ọwọ́ ń fà fa ọtí tó tòrò gòkè sínú ife. Bí wọ́n bá ti ṣí àgbá, tí atẹ́gùn wọlé, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún un. Bí wọn ò bá tà á tán, kíkan ni yóò kan.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ọtí náà, ọmọ Iléṣà. Ó fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ife kalẹ̀, ó sì bi ọmọbìnrin tó ń tajà bóyá wọ́n mú iná lọ ni. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìlú tirẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn Trophy láti oṣù kejìlá 1978, ọmọ tí wọ́n fi bíà inú yìnyín tọ́ dàgbà kò lè gbà pé ọtí tí kò dun eyín ti tó mu.

Àmọ́ èmi ń padà lọ. Mo tẹ̀ lé àwọn àlejò wọ ilé ìpọntí Griffin ní Chiswick, ti Fuller's, ilé iṣẹ́ tó ti ń jẹ́ orúkọ yẹn láti 1845, kí wọ́n tó ta iṣẹ́ ọtí rẹ̀ fún Asahi ti Japan ní 2019. Igi wisteria kan wà tó ń fà lára ògiri ibẹ̀, 1816 ni wọ́n ní wọ́n gbìn ín. Ẹni tó ń mú wa káàkiri sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìtàn ilé náà, ṣùgbọ́n imú mi ti bá nǹkan mìíràn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń po ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù pọ̀ mọ́ omi gbígbóná, òórùn ibẹ̀ dà bí ẹ̀kọ bàbà tó ń hó lórí iná. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè mí.

Ní 1971, ọkùnrin mẹ́rin láti Ẹ̀ńgìláńdì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ CAMRA, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń pa ọtí inú àgbá tì. Wọ́n ń fi ooru pa íìsì inú ọtí, wọ́n wá ń fi afẹ́fẹ́ tì í jáde kó lè máa hó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò ṣòro: ọtí tí wọ́n ti pa lè rin ìrìn àjò, ó lè jókòó sórí káńtà fún oṣù mẹ́fà, ẹnu rẹ̀ kò ní yí padà, èyí tó wà láàyè gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tó ń mu ún, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ṣe ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ṣe àjọ̀dún ọtí. Bí mo ṣe ń kà nípa wọn, ojú mi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn adẹ́mu ilé wa. Àríyànjiyàn àwọn òyìnbó yìí á tètè yé wọn.

Ní ẹ̀bá títì ní Ofosu, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Wọ́n á gbé e kọ́ orí ọ̀pá, ẹnu rẹ̀ á dojú kọlẹ̀. Akèrègbè òfìfo ló kúkú bí Ògún nínú ní Ìrè, tó fi yọ idà ti àwọn èèyàn tirẹ̀. Ọpẹ́ ni pé àwọn ará ibí ń tọ́jú èyí tó kún sínú búkà. Àmọ́ nígbà tí mo wọlé, ìyá ẹlẹ́mu ní ti àná ló wà nílẹ̀, ti òní ò tíì dé.

"Bàbá ṣì wà nínú àbàtà. Bẹ́ẹ bá lè rìn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí mú yín lọ. Ẹ bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀ o."

Ọmọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sọ́wọ́, ó ṣíwájú. A gba inú oko kòkó kọjá, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, títí tó fi di pé orí igi tí wọ́n nà sórí omi là ń tẹ̀. Ibẹ̀ ni ògùrọ̀ pọ̀ sí. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń rò pé igi kan náà ló ń fún wa ní gbogbo ẹmu. Ọ̀pẹ elépo máa ń wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, igbà ni wọ́n fi ń gùn ún, wọ́n lè máa dá a fún ìgbà pípẹ́ kí ó má kú. Ògùrọ̀ ń fẹ́ omi nídìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dá a tán, ó ti parí nìyẹn. Adẹ́mu tó ń jẹ ògùrọ̀ gbọ́dọ̀ máa wo èyí tó ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn.

Bàgbà adẹ́mu náà wà lórí àkàsọ̀ ọparun nígbà tí a dé. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó dáhùn láì wo ìsàlẹ̀. Yorùbá Ìkálẹ̀ ló ń sọ, àmọ́ Ùròbò ni. Bàbá rẹ̀ ló wá sí agbègbè Òkìtìpupa nítorí epo pupa, bí ọ̀pọ̀ ará Ùròbò ti ṣe nígbà náà, òun wá ń tẹ̀ lé igi lọ títí tó fi dé ibí. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kò gùn, ó mú gan-an, ojú rẹ̀ ti jẹ tín-ín-rín nítorí pípọ́n. Ó fi fá ojú ọgbẹ́ igi náà fẹ́lẹ́, ìyẹ̀fá tó bọ́ sílẹ̀ kò nípọn rárá. Bí kò bá fá a láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á dí, omi kò ní wá mọ́. Ọparun kékeré kan ló ń darí omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì tó so mọ́ ọn, ó fi aṣọ ògbólógbòó bo ẹnu rẹ̀ nítorí oyin. Oyin wọlé náà. Nígbà tó gbé e sọ̀ kalẹ̀, bíi méje nínú wọn ti kú sójú ìfófòó, ó fẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó da díẹ̀ sínú ahá, ó sì kọ́kọ́ mu ún kó tó bu tèmi.

Ní Ẹ̀ńgìláńdì, bí ẹ kò bá mọ irú ale tí ẹ fẹ́, wọ́n lè bu mẹ́ta fún yín nínú ife kékeré, ìdá mẹ́ta páìntì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ bàgbà pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣe é. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dùn dé ibi pé kò yàtọ̀ sí omi ṣúgà, àfi bí ó ṣe ń ta ahọ́n wínníwínní díẹ̀. Èyí tó ti dá kí ilẹ̀ tó mọ́ ti ní ara. Ó ń hó nínú ahá, ó funfun, dídùn rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, kíkan ń yọjú, oríkèé ẹsẹ̀ mi sì gbọ́. Ti àná ti le. Ó kan, ó gbóná lọ́fun, òórùn rẹ̀ ń fẹ́ lọ sápá ọtí kíkan tí wọ́n ń fi sí sàláàdì.

"Bàbá, èwo lẹ̀yin yàn?"

Ó nàka sí ti àárín. "Dídùn yẹn, tọmọdé ni. Àwọn ará Èkó tó ń dúró lójú títì, dídùn ni wọ́n ń bèèrè láago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n fẹ́ kí n di oòrùn mú ni."

Èmi náà yan ti àárín. Ohun tó fà á tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yàtọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dá iṣẹ́ náà dúró: íìsì wà nínú atẹ́gùn, ó wà lára igi, ó sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ṣàkíyèsí pé bàgbà ò fi ọṣẹ kan kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó fi omi ṣàn án, ó sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí tòní lè tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe é, wọ́n máa ń tọ́jú íìsì tó léfòó lórí ọtí tí wọ́n pọn tán láti fi pọn tọ̀la, àwọn kan ní ìran íìsì kan náà ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan bí wákàtí méjì péré ni omi ògùrọ̀ fi ń di ọtí tó tó bíà lágbára. Bíà ń gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Mo béèrè bóyá ó ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ní ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Amos Tutuola ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952: ọ̀mùtí tí bàbá rẹ̀ fún ní igi ọ̀pẹ 560,000, tó rí i pé gbogbo igi náà ò já mọ́ nǹkan kan ní ọjọ́ tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ tó kú, tó wá gba ọ̀nà ọ̀run lọ láti wá a. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àlọ́ ni mo kà á sí. Ní abẹ́ àkàsọ̀ yẹn, tí mo ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàgbà bó ṣe ń wá ibi tí yóò tẹ̀, ó ṣe mí bí ọ̀rọ̀ ìṣúná owó.

Ọ̀sán ni mo dé ilé ìpọntí kejì. Ẹ̀yìn ọjà ló wà, ọgbà tí wọ́n fi páànù àti màrìwò ṣe. Obìnrin ará Benue kan ló ni ín, Tiv ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó. Bùrùkùtù ló ń pọn, ọjọ́ ìsinmi ló sì ń tà jù, nígbà tí àwọn lébìrà bá jáde láti oko. "Mama, good afternoon," ni mo kí i, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn pé kí n jókòó.

Ó mú mi yí ọgbà náà ká, bí wọ́n ṣe mú wa yí Chiswick ká. Àpò ọkà bàbà wà ní kọ̀rọ̀ kan. Ó ń rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ó ń da omi rẹ̀ nù, ó ń tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fi òmíràn bò ó, títí tí gbòǹgbò funfun fi máa yọ. Ó ṣí ewé náà sókè kí n fọwọ́ kàn án. Ooru ń jáde lára ọkà náà, torí ohun tó bá ń hù máa ń móoru. Lẹ́yìn náà ni yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì sè é nínú dùrọ́ọ̀mù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ṣí ìdérí dùrọ́ọ̀mù. Ẹ̀kọ bàbà! Òórùn tó dá mi dúró ní Chiswick náà ni, àyàfi pé èéfín igi wà nínú tibí.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ mú ọkà hù kí èròjà tó ń tú sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà lè jí, ẹ pa híhù náà kó má bàa di ewéko, ẹ fi omi gbígbóná fa ṣúgà jáde, kí ẹ wá fún íìsì jẹ. Àwọn ìyá wa náà ń fi àgbàdo tó hù ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ìgò lé e kúrò lóde àríyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i lóde ìgbéyàwó. Ní Ẹ̀ńgìláńdì ayé àtijọ́ pẹ̀lú, obìnrin ló ń pọntí jù, nínú ilé ara wọn. Bí ọtí bá ti jinná, wọ́n á na ọ̀pá sí ojú òde kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀. Hópù dé láti òdìkejì òkun ní nǹkan bí 1400, ó jẹ́ kí ọtí lè pẹ́ nílẹ̀, ọtí tó lè pẹ́ nílẹ̀ lè lọ sí ọjà tó jìnnà, ọjà tó jìnnà sì ń fẹ́ owó ńlá. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin olówó.

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mímú ọkà báálì híhù wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988, àwọn ilé iṣẹ́ bíà wa pariwo pé ayé bàjẹ́. Wọ́n wá àwọn onímọ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo, bíà sì ń jáde. Guinness tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti 1962 náà yí: èròjà kan tó nípọn tó dúdú ń ti Dublin bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á pò ó mọ́ ọtí ọkà ilẹ̀ wa. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára tirẹ̀, ti ilé ọtí Lọ́ńdọ̀nù ò ju 4.2 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Old Kent Road fi ń san owó tó lé láti ra èyí tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lára. Mo mọ àgbàlagbà kan tó máa ń yí ìgò náà wò tiwájú-tẹ̀yìn kó tó sanwó. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọkà yìí fún obìnrin Tiv náà rí. Mo sọ fún un pé gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ló wá ń fi ọkà bàbà ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ehn? Kí ni wọ́n ń fi ṣe tẹ́lẹ̀?"

Bùrùkùtù rẹ̀ nípọn, ó pọ́n bí ilẹ̀ ṣe pọ́n, ó kan. N kò lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹmu lọ. Igbá ńlá kan ni wọ́n fi ń mu ún, ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó bá mu tán á nu ẹnu igbá kó tó gbé e fún ẹnìkejì. Ọtí àti oúnjẹ ló jẹ́ fún ẹni tó ti àárọ̀ ro oko. Mo mu ún débi tí wọ́n fi dẹ́kun wíwò mí.

Wọ́n fi ògógóró náà lọ̀ mí ní búkà kan nítòsí gáréèjì, n kò mu ún. Ọtí yẹn ní ẹwà tirẹ̀ nígbà tó bá wá láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sè. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti le ni wọ́n ń sè nínú dùrọ́ọ̀mù, tí òógùn rẹ̀ ń gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá jáde. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, ẹ̀wọ̀n ló wà fún ẹni tó bá sè é, nígbà tí jíìnì òkè òkun ń wọlé, tí kọ́sítọ̀mù ń gba owó lórí rẹ̀. Ìwà àìṣòótọ́ gbáà nìyẹn, mo sì máa ń sọ ọ́. Àmọ́ Òde-Ìrèlè ò jìnnà sí Òrè. Ní oṣù kẹrin 2015, ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ níbẹ̀, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kú ju mẹ́wàá lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Bí n kò bá rí ẹni tó sè é, n kò ní mu ún. Sáṣẹ́ẹ̀tì ọtí líle tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àjọ NAFDAC àti àwọn oníṣòwò ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, n kò tilẹ̀ kà á sí ọtí. Ohun tí awakọ̀ ń fi pamọ́ sápò ni.

Kí oòrùn tó rẹlẹ̀ ni mo wá ọkọ̀, torí ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà alẹ́ mọ́ lásìkò tiwa yìí. Ìyá ẹlẹ́mu ti bá mi rọ kẹ́ẹ̀gì kan láti inú ti ọ̀sán, ó sì fi ewé tútù dí ẹnu rẹ̀ dípò ìdérí. Awakọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ẹnì kan dé kẹ́ẹ̀gì pa nínú ọkọ̀ òun lọ́jọ́ kan, ó bú gbàù ní Ajébándélé, ẹmu fọ́n sára aṣọ léèsì obìnrin kan tó ń lọ síbi ìsìnkú. Mo fi ewé hàn án. Ó ní kí n gbé e sáàárín ẹsẹ̀ ara mi.

A ò tíì kúrò ní gáréèjì Òrè tí kẹ́ẹ̀gì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìfófòó ń gun ewé bọ̀ wá sókè, ó ń kán sí mi lórí bàtà, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú ọkọ̀ kan. Ọkùnrin kan láti ìjókòó ẹ̀yìn ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?" Mo ní Èkó. Ó ní kò lè débẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kódà bó débẹ̀, kì í ṣe òun náà mọ́. Wọ́n gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n fi ṣe ife, mo sì ń bù ú. Awakọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, gbogbo wa pariwo lé e lórí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń kùn. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì wá fúyẹ́ tó sì kù díẹ̀ kí wọ́n da ìyókù sí ojú fèrèsé, ìyá ọmọ kan tó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn awakọ̀ ké sí wa pé kí ẹnikẹ́ni má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn nù, ó ń jẹ́ kí ọmú ṣọmi, òun ló ni ín.